Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ àti ọ̀rọ̀ tí ó sọ: ìtàn ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí kan gbogbo ẹni tí ó máa ń jókòó nínú ìpàdé.

Níbi tí a bá ti ń pín ilẹ̀, tàbí tí a ń ṣírò owó ẹgbẹ́, a máa ń gbọ́ irú ìdáhùn báyìí: «Ọmọ àná ni ọ́, kí ni o mọ̀?» «Àjèjì ni, kò lè sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ wa.» «Obìnrin ni, kí ó jókòó.» «Kò mọ̀wé, ṣé òun ni yóò kọ́ wa ní ìṣírò?» «Ẹni tí wọ́n ti jù sí ẹ̀wọ̀n rí!»

Ẹ wo àwọn ìdáhùn yìí dáadáa. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó sọ pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ tí ẹni náà sọ. Wọn kò kan ọ̀rọ̀ náà rárá. Ẹni tí ó sọ ọ́ ni wọ́n lù. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níbi tí ó wà, kò sí ẹni tí ó dáhùn rẹ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ní orúkọ fún àṣìṣe yìí. Wọ́n ń pè é ní ad hominem. Èdè Látìn ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni «sí ènìyàn náà». Nígbà tí ó yẹ kí a dojú kọ ọ̀rọ̀, ènìyàn ni a dojú kọ. Kí ó lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn ìdílé kan ní Èkó. Èdè kan náà ni àwa àti àwọn ará Èkó ń sọ, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n jà lé lórí sì jọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tiwa. Bàbá àgbà ni a ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ọmọ ọmọ rẹ̀.

Bàbá àgbà: Àjàyí Crowther

Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni wọ́n bí Àjàyí ní Òṣogùn. Ní ọdún 1821, ogun kó ìlú wọn, wọ́n sì tà á lẹ́rú. Ní ọdún 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn ẹrú tí ó wà nínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí, wọ́n sì kó wọn lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ni Àjàyí ti kọ́ ìwé, tí ó sì gba orúkọ Samuel Crowther. Ní ọdún 1843 ó di àlùfáà. Ọdún kan náà ni wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá. Ní ọdún 1846 ó dé Abẹ́òkúta láti ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni ó sì ti tún rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, tí iṣẹ́ náà parí ní ọdún 1884. Àwa tí a ń kọ́ èdè wa ní kíkọ lónìí, a jẹ nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ CMS ní Lọ́ńdọ̀nù, fẹ́ kí àwọn ènìyàn dúdú máa ṣe olórí ìjọ wọn fúnra wọn. Ó fẹ́ kí Crowther di bíṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n Henry Townsend, òyìnbó tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, kò gbà. Ó kọ ìwé pé àwọn ènìyàn dúdú kò ní bọ̀wọ̀ fún bíṣọ́ọ̀bù dúdú bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún òyìnbó. Kò sọ pé Crowther kò mọ̀wé. Kò sọ pé ó kówó jẹ, tàbí pé iṣẹ́ rẹ̀ kò dára. Àwọ̀ ara rẹ̀ ni ó fi ṣe ìdáhùn.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, wọ́n fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Òun ni bíṣọ́ọ̀bù dúdú àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ Townsend ti ṣiṣẹ́: wọn kò fi Èkó, Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn sí abẹ́ rẹ̀, nítorí àwọn òyìnbó tí ó wà níbẹ̀ kò fẹ́ wà lábẹ́ ènìyàn dúdú. Ọ̀nà odò Ọya ni iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ sí. Ní ọdún 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kan dé láti wádìí iṣẹ́ ìjọ níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí wọ́n ṣe àìdáa lóòótọ́. Ohun tí ó tọ́ ni kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí ó ṣẹ̀ jìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀bi gbogbo ènìyàn dúdú pé wọn kò tíì lè ṣe olórí. Crowther, tí ó ti lé ní ẹni 80 ọdún, fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Ọmọ ọmọ: Herbert Macaulay

Ní ọdún 1864 yẹn gan-an, ní oṣù kọkànlá, ọmọbìnrin Crowther tí ń jẹ́ Abigail bí ọmọkùnrin kan ní Èkó. Wọ́n sọ ọ́ ní Herbert Macaulay. Bàbá rẹ̀ ni ó dá ilé-ìwé gíga CMS sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859. Ní ọdún 1890 ìjọba rán Herbert lọ sí Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí ó padà ní 1893, ó di ẹni tí ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba. Ní ọdún 1898 ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó ń dá wọn ilẹ̀ fún àwọn ènìyàn. Ó mọ ààlà ilẹ̀ Èkó, ó mọ àwọn ìdílé tí ó ni ín, ó sì mọ òfin. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé tako ìjọba lórí ọ̀nà rélùwéè àti owó omi.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1913, wọ́n pè é lẹ́jọ́ pé ó ṣe owó ogún tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ báṣubàṣu. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi, wọ́n sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 2. Láti ìgbà náà, àwọn ọ̀tá rẹ̀ ti rí ọ̀pá tí wọn yóò máa fi lù ú. Ohunkóhun tí ó bá sọ, «ẹlẹ́wọ̀n ni» ni wọ́n fi ń dá a lóhùn.

Ẹjọ́ náà

Ní ọdún 1913 kan náà, ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá. Ilẹ̀ ìdílé Olúwa ni. Olúwa jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olóyè onífìlà funfun tí wọ́n ni ilẹ̀ Èkó láti ayébáyé. Ẹni tí ó wà lórí oyè náà nígbà yẹn ni Àmọ́dù Tìjánì. Ó ní kí ìjọba san owó ilẹ̀ náà fún òun àti àwọn ènìyàn òun.

Ìjọba dáhùn pé Olúwa kò ni ilẹ̀ náà ní tòótọ́. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ kékeré ni ó ní, ẹ̀tọ́ láti máa ṣàkóso àwọn tí ó ń gbé orí ilẹ̀ náà àti láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí Ọba Dòsùmú fi ọwọ́ sí ìwé ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861, gbogbo Èkó ti di ti ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ilé ẹjọ́ ní Èkó gba ọ̀rọ̀ ìjọba. Olúwa kò gbà. Ó gbé ẹjọ́ náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, síwájú Privy Council, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso nígbà náà.

Ní ọdún 1920, Olúwa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ. Macaulay ni ó bá a lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀. Ó mú ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí Elékò dání. Nígbà tí wọ́n wà níbẹ̀, ìwé ìròyìn kan gbé e jáde láti ẹnu Macaulay pé Elékò ni olórí mílíọ̀nù 17 ènìyàn ní Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òtítọ́. Ọba Èkó kò jọba lórí Kánò, kò jọba lórí Bìní. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá Macaulay lóhùn, ìrọ̀rùn ni: kí ó mú iye ènìyàn Èkó wá, kí ó sì fi hàn pé kò sún mọ́ mílíọ̀nù 17.

Ìjọba kò dúró lórí iye náà. Wọ́n ní kí Elékò rán agogo káàkiri ìlú, kí akéde máa kígbe pé òun kò bá Macaulay lọ́wọ́ sí i. Elékò kò rán agogo náà. Ní òpin ọdún 1920, ìjọba dá owó rẹ̀ dúró, wọ́n sì ní àwọn kò mọ̀ ọ́n sí ọba mọ́. Ẹ ṣàkíyèsí bí ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí ilẹ̀ Àpápá. Ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀ ń béèrè owó ilẹ̀. Gbogbo ìlú wá ń jiyàn lórí irú ènìyàn tí Macaulay jẹ́.

Ohun tí àwọn adájọ́ wò

Ní oṣù keje ọdún 1921, Privy Council dájọ́. Viscount Haldane ni ó ka ìdájọ́ náà. Kò dá ẹjọ́ lórí ìwà Macaulay. Ìbéèrè méjì ni ó wà níwájú rẹ̀. Èkíní: gẹ́gẹ́ bí àṣà, ta ni ó ni ilẹ̀? Èkejì: ǹjẹ́ ìwé tí Dòsùmú fọwọ́ sí gba ilẹ̀ àwọn ìdílé?

Lórí èkíní, ó mú ìwé kan jáde tí Rayner kọ ní ọdún 1898. Òyìnbó ni Rayner, òun sì ni adájọ́ àgbà ìjọba ní Èkó nígbà tí ó kọ ọ́. Ó ti kọ ọ́ pé ní ilẹ̀ wa, ilẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo; ti ìlú, ti abúlé tàbí ti ìdílé ni, olórí sì ń tọ́jú rẹ̀ fún gbogbo wọn. Lórí èkejì, àwọn adájọ́ ní bí ìjọba bá yí padà, ilẹ̀ tí ó jẹ́ ti àwọn ènìyàn kò yí padà. Nítorí náà ilẹ̀ Àpápá jẹ́ ti Olúwa àti àwọn ènìyàn rẹ̀ pátápátá, ìjọba sì gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ ní kíkún. Olúwa jàre.

Ẹ̀kọ́ pàtàkì wà nínú èyí. Ẹ̀rí tí ó ran Olúwa lọ́wọ́ wá láti ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ń bá jà. Ká ní àwọn ènìyàn Olúwa ti sọ pé «òyìnbó ni Rayner, irọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ òyìnbó», wọn ì bá ti fi ọwọ́ ara wọn sọ ẹ̀rí wọn nù. Ẹni tí ó ń kọ ọ̀rọ̀ nítorí ẹnu tí ó ti jáde máa ń pàdánù òtítọ́ tí ó lè gbà á.

Macaulay náà ṣe bẹ́ẹ̀

Kí a má ṣe rò pé ẹni tí wọ́n ṣe ní àìdáa kò lè ṣe ẹlòmíràn ní àìdáa. Ní ọdún 1923, Macaulay dá ẹgbẹ́ òṣèlú kan sílẹ̀ ní Èkó, wọ́n sì gba ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Èkó ní nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin. Òun fúnra rẹ̀ kò lè du ipò kankan nítorí ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Ní ọdún 1924, ó tẹ ìwé pélébé kan jáde. Orúkọ ìwé náà ni pé Henry Carr gbọ́dọ̀ lọ. Henry Carr jẹ́ ọmọ Èkó, ọ̀mọ̀wé tí ó ti ṣe alábòójútó ilé-ìwé, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ńlá fún ìjọba. Ẹni tí ó bá rí orúkọ ìwé náà yóò mọ̀ pé Carr fúnra rẹ̀ ni wọ́n dojú kọ, kí ó tó mọ ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí.

Ní ọdún 1925, ìjọba yọ Elékò lórí oyè, wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ní ọdún 1928, ìwé ìròyìn Macaulay tẹ àhesọ kan jáde pé àwọn kan fẹ́ pa Elékò. Wọ́n tún rán Macaulay lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 6. Ǹjẹ́ èyí wá sọ pé Elékò kò ní ẹ̀tọ́? Rárá o. Ní ọdún 1931, Privy Council sọ pé ìjọba kò lè mú ènìyàn kúrò ní ìlú rẹ̀ láìfi hàn níwájú adájọ́ pé òfin gbà á láàyè. Ọdún yẹn ni Elékò padà sí Èkó. Ọ̀rọ̀ Macaulay lórí ilẹ̀ Àpápá tọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí mílíọ̀nù 17 kò tọ́. Ẹnì kan náà ni ó sọ méjèèjì. Nítorí náà a kò lè fi ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà tọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò.

Nígbà wo ni a lè béèrè ìwà ènìyàn?

Ẹnì kan lè bi wá pé: «Ṣé a kò ní béèrè ìwà ènìyàn mọ́ ni?» A ó béèrè, ṣùgbọ́n ní àyè rẹ̀.

Bí a bá fẹ́ yan ẹni tí yóò máa tọ́jú owó ẹgbẹ́, ó tọ́ kí a béèrè bóyá ó ti ṣe owó ẹlòmíràn báṣubàṣu rí. Ìwà rẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀. Bí ẹlẹ́rìí bá sọ pé «mo rí i pẹ̀lú ojú mi», tí kò sì sí ẹ̀rí mìíràn, ó tọ́ kí a béèrè bóyá ó máa ń sọ òtítọ́. Bí ẹni tí ó ń ta oògùn bá ń yin oògùn náà, ó tọ́ kí a rántí pé òun ni yóò gba owó, kí a sì yẹ oògùn náà wò dáadáa.

Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá mú ìwé wá, tí ó ka òfin, tí ó fi ààlà hàn, tàbí tí ó ṣe ìṣírò síwájú wa, kò ní kí a gba ẹnu òun gbọ́. Ohun tí gbogbo wa lè yẹ̀ wò ni ó gbé sílẹ̀. Bí ìṣírò náà bá tọ́, ó tọ́, ìbáà jẹ́ olè ni ó ṣe é. Bí kò bá tọ́, kò tọ́, ìbáà jẹ́ ọba.

Ní ilẹ̀ wa níbí

Àwa ní Bẹ̀nẹ̀ ti rí àǹfààní gbígbọ́ ọ̀rọ̀ ara ẹni. Ní oṣù kejì ọdún 1990, ìpàdé ńlá ti gbogbo orílẹ̀-èdè wáyé ní Kútọ̀nù, láti ọjọ́ 19 sí ọjọ́ 28. Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ni ó darí rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti ṣe ààrẹ tẹ́lẹ̀, bí Maga, Ahomadégbé àti Zinsou, wà níbẹ̀. Kérékou, tí ó gba ìjọba ní ọdún 1972, ni ó wà lórí oyè. Bí wọ́n bá ti kọ ọ̀rọ̀ olúkúlùkù nítorí ohun tí ó ti ṣe sẹ́yìn, ta ni ì bá ṣẹ́ kù láti sọ̀rọ̀? Wọ́n jiyàn, ohùn ga, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ara wọn, ìjọba sì yí padà láìsí ogun.

Ẹ jẹ́ kí a mú un wá sí abúlé wa. Ní agbègbè Ṣábẹ̀, àgbẹ̀ àti darandaran máa ń jà. Fúlàní kan lè sọ pé: «Ẹ ti dá oko sí ojú ọ̀nà màlúù.» «Fúlàní ni» kì í ṣe ìdáhùn sí èyí. Ìdáhùn ni kí a lọ sí ibẹ̀, kí a wo ojú ọ̀nà náà. Àgbẹ̀ náà lè sọ pé: «Màlúù rẹ jẹ àgbàdo mi.» «Ọ̀tá wa ni» kì í ṣe ìdáhùn. Kí a wo ẹsẹ̀ màlúù nínú oko, kí a ka ebè tí ó bàjẹ́.

Obìnrin kan lè dìde nínú ìpàdé ẹbí, kí ó sọ pé òfin ẹbí ti ọdún 2004 fún ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ sí ogún bàbá rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní «obìnrin ni, kí ó jókòó» kò tíì dáhùn. Kí wọ́n mú ìwé òfin náà wá, kí ẹni tí ó mọ̀wé kà á. Bàbá arúgbó kan tí kò mọ̀wé lè fi igi ààlà hàn wá. Àìmọ̀wé rẹ̀ kò yí igi náà kúrò ní ibi tí wọ́n gbìn ín sí. Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ti ọdún 2013 ti jáde, ilẹ̀ àjogúnbá lè ní ìwé ẹ̀rí. Ẹ̀rí irú àwọn bàbá bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì kí a tó kọ ọ́. Bí a bá pa wọ́n lẹ́nu mọ́, ilẹ̀ lè bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò ni ín.

Èmi tí mo kọ ìwé yìí, sẹtifíkà ilé-ìwé kékeré ni mo ní. Ẹnì kan lè sọ pé: «Kí ni ẹni tí ó ní sẹtifíkà nìkan mọ̀ nípa ìtàn?» Kí onítọ̀hún mú àwọn ọdún tí mo kọ, kí ó wádìí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá rí èyí tí kò tọ́, kí ó fi hàn wá. Ìyẹn ni a ń pè ní ìdáhùn.

Àwọn àgbà ní: ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀. Wọ́n tún ní ẹni tí ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá, òṣìkà ni. Ẹni tí a kọ̀ láti gbọ́ nítorí irú ẹni tí ó jẹ́, a ti dá ẹjọ́ rẹ̀ láìgbọ́.

Ìbéèrè tí a ó jíròrò nínú ẹgbẹ́

1. Kí ni Townsend fi ṣe ìdáhùn lórí ọ̀rọ̀ Crowther? Kí ni ó yẹ kí ó yẹ̀ wò?

2. Ìbéèrè méjì wo ni ó wà níwájú Privy Council ní ọdún 1921? Kí ni ìdáhùn wọn?

3. Bí wọ́n bá fẹ́ fi Macaulay ṣe akápò ẹgbẹ́ yín, ṣé ẹ lè béèrè nípa ẹ̀wọ̀n ọdún 1913? Bí ó bá wọn ilẹ̀ yín, tí ó sì fi ìwé rẹ̀ hàn yín ńkọ́? Kí ni ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì?

4. Ẹ rántí ìpàdé kan ní abúlé yín tí wọ́n ti pa ẹnì kan lẹ́nu mọ́. Ẹ má dá orúkọ. Ọ̀rọ̀ wo ni ẹni náà sọ? Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni tíì dáhùn ọ̀rọ̀ náà títí di òní?